Nígbà Tí Yìnyín Kò Tètè Dé Mọ́: Àkọsílẹ̀ Ìlú Kan Létí Òkun Chukchi

Ìlú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tóbi. Tàgbà tèwe wọn kò ju bíi 600 lọ. Orí erékùṣù iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n tẹ̀dó sí, ní ìwọ̀-oòrùn Alaska, lókè díẹ̀ sí ibi tí omi tóóró ti ya ilẹ̀ Amẹ́ríkà kúrò lára ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Gígùn erékùṣù náà tó kìlómítà márùn-ún, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ kò pé ìdajì kìlómítà. Òkun Chukchi wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn, ìlú wà láàárín. Ọmọ Iñupiat, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àríwá Alaska, ni wọ́n. Ẹran òkun ni wọ́n ń pa jẹ, pàápàá síìlì onírùngbọ̀n, tí wọ́n ń sá ẹran rẹ̀ lórí àgbékọ́ igi létí omi, tí wọ́n sì ń fi òróró rẹ̀ jẹun lọ́dún yípo. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Ojú wọn ti rí kámẹ́rà tó. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe rìn ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò, láti ìgbà tí òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ wọ́n.

Mo ń kọ ọ́ fún àwọn tó ń bá omi wọ̀jà lẹ́nu iṣẹ́: òṣìṣẹ́ àyíká, onímọ̀ ẹ̀rọ, baálẹ̀ etí òkun, oníròyìn. Lórí rédíò wa, gbólóhùn kan náà la máa ń gbọ́ ṣáá: "Yìnyín ìpẹ̀kun ayé ń yọ́, òkun sì ń kún." Gbólóhùn yẹn da nǹkan méjì pọ̀. Yìnyín tó wà lórí ilẹ̀, bíi ti Greenland àti ti Antarctica, òun ló ń fi omi kún òkun bó bá yọ́. Yìnyín tó léfòó lójú òkun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bu omi sínú ife, ẹ ju yìnyín sí i, ẹ fi àmì sí ibi tí omi dé. Bí yìnyín náà bá yọ́ tán, omi ò ní kọjá àmì yẹn. Ìlú tí mo ń sọ yìí, àìsí yìnyín ojú òkun ló kó o sí wàhálà, bẹ́ẹ̀ sì ni yíyọ́ yìnyín náà kò fi ohun tó tó nǹkan kún omi òkun. Ẹni tí kò bá mọ bí ìyẹn ṣe ṣeé ṣe, oògùn tí kò bá àrùn mu ni yóò máa fún irú ìlú bẹ́ẹ̀.

Ògiri tí ẹnikẹ́ni kò mọ

Láyé àwọn baba ńlá wọn, bí oṣù Kẹwàá bá ti wọlé, òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Kì í dì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń kọ́kọ́ dà bí ògì tí iná ń wọ̀ lára, tí ọmọrògùn ń wúwo lọ nínú rẹ̀. Qinu ni wọ́n ń pe omi kíki yẹn. Ìgbì tó bá kó sínú rẹ̀ ti kú kó tó dé ilẹ̀. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, afẹ́fẹ́ á gbá omi kíki náà jọ sétí erékùṣù, á dì, á di òkìtì funfun tó le. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà, òkun ti ti ilẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá gan-an ni ìjì ńláńlá máa ń jà lórí Òkun Chukchi àti Òkun Bering tó wà ní gúúsù rẹ̀. Kì í ṣe pé ìjì kì í jà láyé àtijọ́. Ó ń jà, ṣùgbọ́n kò rí omi tí yóò ru sókè. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀.

Ògiri kejì wà lábẹ́ ìlú. Iyanrìn lásán ni erékùṣù náà, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ dì gbagidi, kì í yọ́ nígbà òtútù tàbí nígbà ooru. Yìnyín inú ilẹ̀ yẹn ló di iyanrìn mú bí sìmẹ́ńtì ṣe ń di búlọ́ọ̀kù mú. Ọ̀kan lójú omi, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀, òtútù ló mọ méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò ná kọ́bọ̀ lé wọn lórí. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a kò rà, a kì í kọ ọ́ mọ́ dúkìá wa, a kì í sì í mọ iye tó ń bá wa fi pamọ́ títí tí yóò fi lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìròyìn nípa irú ìlú yìí máa ń fò dá. Àwọn Iñupiat àtijọ́ kì í jókòó sójú kan lọ́dún yípo. Wọ́n ń wá sórí erékùṣù nígbà ọdẹ orí yìnyín, wọ́n sì ń ṣí lọ sórí ilẹ̀ ńlá ní àsìkò ẹja àti àsìkò èso. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ilé ìfìwéránṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ọmọ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, òbí sì gbọ́dọ̀ dúró ti ọmọ. Bí wọ́n ṣe so ìlú mọ́ orí iyanrìn nìyẹn. Nígbà tí ẹnìkan bá wá ń béèrè pé kí ló gbé wọn dé irú ibẹ̀ yẹn, inú mi kì í dùn. Àwọn baba wọn mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fìdí kalẹ̀ sí. Ètò ìjọba ló fi ìdí wọn kalẹ̀.

Páànù àti ọ̀nà ọ̀dà

Kí ló wá dé tí yìnyín fi ń pẹ́? Ẹ wo páànù tuntun lọ́sàn-án gangan: ó ń da ìmọ́lẹ̀ padà débi pé ojú ò lè wò ó. Ẹ wo ọ̀nà ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ó gba ooru mọ́ra, bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ ṣú, ó ṣì ń gbóná lábẹ́ bàtà. Yìnyín òkun tí ìrì dídì bò mọ́lẹ̀ lè dá ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán oòrùn padà sójú ọ̀run. Omi òkun dúdú tó ṣí sílẹ̀ ń dá bí ìdá 6 péré padà, ó sì ń mu gbogbo ìyókù. Nígbà tí èéfín epo, gáàsì àti èédú tí aráyé ń sun mú ayé gbóná, yìnyín fà sẹ́yìn. Omi dúdú tó yọjú gba ooru kún un, ooru yẹn sì mú yìnyín mìíràn yọ́. Láti ọdún 1979 tí sátẹ́láìtì ti ń wò ó lọ́dọọdún, yìnyín tó ń ṣẹ́kù lójú Òkun Arctic, òkun ìpẹ̀kun àríwá ayé, ní oṣù Kẹsàn-án ń dín ní nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ní oṣù Kẹsàn-án 2012, kò pé mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ kìlómítà níbùú lóròó mọ́, kò sì tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́. Apá ayé yẹn ti ń gbóná ní ìlọ́po tó súnmọ́ mẹ́rin bí gbogbo ayé lápapọ̀ ṣe ń gbóná.

Ìgbà tí oòrùn bá ti lọ tán ni ọ̀rọ̀ yìí wá ń dun ìlú wa jù. Gbogbo ooru tí òkun mu láti oṣù Kẹfà wá, ó gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ kó tó lè dì. Ìdí nìyẹn tí òkun tó ń dì ní oṣù Kẹwàá láyé àwọn àgbà fi ń dúró di oṣù Kọkànlá, nígbà mìíràn di oṣù Kejìlá. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá fi pẹ́, ọ̀sẹ̀ ìjì ni.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí mi ò lè ṣàì mẹ́nu bà. Ní òpin ọdún 2017, NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkun àti ojú ọjọ́, ṣàkíyèsí pé Utqiaġvik, ìlú tó wà lókè pátápátá ní Alaska, kò sí nínú ìṣirò wọn. Kọ̀ǹpútà tó ń yẹ àkọsílẹ̀ wò ló yọ ọ́. Ooru ibẹ̀ ti yára ga débi pé kọ̀ǹpútà náà rò pé ẹ̀rọ ìwọ̀n ló bàjẹ́, tàbí pé wọ́n ti gbé e kúrò níbi tó wà. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Láti ọdún 2000, oṣù Kẹwàá ìlú náà ti fi ìwọ̀n Celsius tó lé ní mẹ́rin gbóná sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí oṣù náà. Oṣù tí òkun ti máa ń ti ilẹ̀kùn ni.

Oṣù Kẹwàá 1997

Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àwọn ará erékùṣù yìí náà kò gbà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá etí òkun jà: wọ́n to àpò iyanrìn, wọ́n kó òkúta sínú àgò wáyà, wọ́n tẹ́ kọnkéré tí wọ́n so pọ̀ bí ẹní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún ìgbà díẹ̀, òkun sì tú u ká. Ẹ má fojú kéré ìgbìyànjú wọ̀nyẹn. Òkun tí wọ́n ṣe é fún ni òkun tó ń jí fún oṣù díẹ̀ lọ́dún, tó sì ń sùn ní ìyókù. Òkun yẹn ti ń lọ nígbà tí wọ́n ń to àpò.

Ìjì oṣù Kẹwàá 1997 ló fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ó dé bá òkun ní ìṣísílẹ̀. Ilẹ̀ tó lé ní mítà mẹ́sàn-án ló já lọ létí àríwá erékùṣù. Ilé bíi 14, pẹ̀lú ilé tí àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ ń lò, ni wọ́n ní láti wọ́ kúrò létí omi lọ sí apá kejì ìlú. Ní 2002, ilé márùn-ún mìíràn tún tẹ̀ lé wọn.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí mítà mẹ́sàn-án yẹn, torí pé òun ni mo kà sí kókó gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìgbì lásán kì í tètè gbé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé omi òkun, tó gbóná ju ilẹ̀ dídì lọ, wọ abẹ́ bèbè, ó yọ́ yìnyín tó di iyanrìn mú, ó gbẹ́ ihò síbẹ̀. Ohun tó kù lókè wá dà bí pẹpẹ tí kò ní òpó, ó sì ya lulẹ̀ lódidi. Ògiri ojú omi ni kò dé lásìkò, ìyẹn ló fún òkun láàyè láti dé ìdí ògiri kejì. Nígbà tí èkejì wó, ilé tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá rò pé ìjì nìkan ló ṣe é yóò máa wá oògùn ìjì kiri.

Ìdìbò, ògiri, ìdìbò

Ní oṣù Keje 2002, ìlú dìbò pé àwọn á ṣí lọ sórí ilẹ̀ ńlá. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ látòkèèrè lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dorí kodò.

Kò sí àjọ kankan ní Amẹ́ríkà tí òfin yan fún ṣíṣí odidi ìlú nípò. Àjọ kan wà fún ọ̀nà, òmíràn fún ilé, òmíràn fún àjálù tó ti ṣẹlẹ̀ tán. Ti ìlú yìí kì í ṣe àjálù ọjọ́ kan. Àwọn ẹlẹ́rọ ọmọ ogun ṣírò ní 2004 pé kíkó gbogbo ìlú lọ yóò ná tó 180 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ pín in sára 600 ènìyàn, ó di 300,000 dọ́là lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó gbé owó náà sílẹ̀. Ní 2003 sì rèé, ilé iṣẹ́ ayẹ̀wò owó ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé nínú ìlú ìbílẹ̀ 213 ní Alaska, 184 ni ìkún omi tàbí ilẹ̀ jíjẹ ti kàn lọ́nà kan tàbí òmíràn. Ìlú wa yìí ò dá dúró lórí ìlà.

Èyí tó burú jù ni pé ìdìbò náà ti ilẹ̀kùn mìíràn mọ́ wọn. Nígbàkígbà tí wọ́n bá béèrè owó fún ilé ìwòsàn tó dára tàbí omi ẹ̀rọ sínú ilé, ìdáhùn tí wọ́n ń bá pàdé ni pé: ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ń lọ? Ta ló ń kọ́lé tuntun sí ibi tí wọ́n ń sá kúrò? Wọn ò rí owó lọ, wọn ò rí owó dúró. Ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ kò ní omi ẹ̀rọ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀, ó dùn mí ju ti ilẹ̀ tó já lọ. Òkun kò mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Àwọn tó ń pín owó mọ̀.

Láti 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta ńláńlá mọ ògiri sójú òkun. Erékùṣù náà kò ní òkúta tirẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn, láàárín oṣù díẹ̀ tí òkun ṣí. Èmi gbà pé ìpinnu tó dára ni, torí pé níbi tí ògiri náà dé, ilẹ̀ dúró. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó ìnáǹkúnàá ni, mi ò sí lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ògiri òkúta ní ìwà kan tí gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ létí òkun mọ̀: agbára ìgbì tí a kò jẹ́ kó gba iwájú yóò wá ẹ̀gbẹ́ gbà. Ibi tí ògiri parí sí ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ lákọ̀tun, wọ́n sì ní láti máa fi kún gígùn rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí òkúta kò lè ṣe. Yìnyín kì í ṣe ògiri nìkan fún wọn, ọ̀nà ni, oko ni. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń gba dé ibi tí síìlì wà nígbà ìrúwé. Nígbà tó bá fẹ́lẹ́, ọ̀kadà orí yìnyín tí wọ́n ń gùn lè rì mọ́ ọlọ́dẹ lábẹ́. Nígbà tó bá sì tètè fọ́, àsìkò ọdẹ tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan á di ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ògiri tí ẹlẹ́rọ lè yà sórí ìwé tí yóò dá ìyẹn padà.

Wọ́n yan ibì kan lórí ilẹ̀ ńlá tí wọ́n lè ṣí lọ. Àyẹ̀wò fi hàn pé ilẹ̀ ibẹ̀ náà kún fún yìnyín nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́lé lé e, tí wọ́n sì ń dáná nínú ilé, ilẹ̀ yóò máa yọ́, ilé yóò máa rì. Ibi tí wọ́n ń sá lọ ní irú àrùn tí wọ́n ń sá fún. Wọ́n tún padà sí ìdí ìwádìí.

Ní oṣù Kẹjọ 2016, wọ́n dìbò lẹ́ẹ̀kejì. Ènìyàn 89 ní kí wọ́n lọ, ènìyàn 78 ní kí wọ́n dúró. Ìbò 11 péré ló là wọ́n. Ìwé ìròyìn káàkiri ayé gbé e pé ìlú kan ti fẹ́ kó lọ nítorí ojú ọjọ́, èmi sì ń wò ó pé àwọn 78 yẹn ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ bá jókòó. Ibojì àwọn òbí wọn wà níbẹ̀. Òkun tó ń lé wọn náà ló ń bọ́ wọn. Ìbẹ̀rù tó tún wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé bí owó ìlú tuntun kò bá pé, wọ́n á fọ́n wọn ká sínú àwọn ìlú ńlá, èdè àti ẹbí á sì tú. Títí di ìsinsìnyí, orí erékùṣù náà ni wọ́n ṣì wà.

Ó ṣeé ṣe láti ṣí o. Newtok, ìlú mìíràn ní Alaska tí odò Ninglick ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀, ti ṣí lọ sí Mertarvik. Ọ̀wọ́ ńlá àkọ́kọ́ kó lọ ní oṣù Kẹwàá 2019, àwọn tó kù sì kó lọ ní 2024. Ó gbà wọ́n ju ogún ọdún lọ. Ilé ẹjọ́ ni Kivalina, ìlú mìíràn tó wà létí Òkun Chukchi kan náà, gbà lọ ní 2008, ó pe àwọn ilé iṣẹ́ epo, èédú àti iná mànàmáná lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 2009, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì já sófo ní 2012.

Ohun tó kọjá ìlú kan

Ẹni tó bá wo erékùṣù yìí nìkan yóò rò pé ọ̀rọ̀ etí òkun ni. Àìsí yìnyín ń yí ojú ọjọ́ àti omi gbogbo agbègbè padà. Nígbà òtútù 2018, yìnyín Òkun Bering kéré débi tí sátẹ́láìtì kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Bí yìnyín yẹn bá wà, omi tútù nini kan máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ òkun di ìgbà ooru, ó ń ya àwọn ẹja àríwá kúrò lára ti gúúsù bí ọgbà. Ní ọdún yẹn, ọgbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, àwọn ẹja gúúsù sì gòkè lọ sí àríwá. Láàárín 2018 sí 2021, alákàn ìrì dídì tó tó bílíọ̀nù mẹ́wàá pòórá nínú Òkun Bering. Omi tó gbóná mú kí wọ́n nílò oúnjẹ púpọ̀ sí i, oúnjẹ kò sì tó. Ní oṣù Kẹwàá 2022, wọ́n ti iṣẹ́ pípa alákàn náà pa fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àwọn ará wa ní London kò ní gbàgbé ìrì dídì òpin oṣù Kejì àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta 2018, tí àwọn Òyìnbó sọ ní "Ẹranko láti Ìlà-Oòrùn", tí ọkọ̀ ojú irin dúró, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì tì. Láti Siberia ni òtútù rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n òtútù gbígbẹ kì í dá rọ̀, ó gbọ́dọ̀ rí omi kó tó di ìrì dídì. Àwọn onímọ̀ tó wọn omi inú afẹ́fẹ́ ní àríwá Finland rí i pé Òkun Barents, òkun tó wà lókè Norway àti Rọ́ṣíà, tí apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ní yìnyín lórí nígbà náà, ló ń tú omi sínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn. Wọ́n ṣírò pé ó lè tó ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún ìrì dídì tó bọ́ sí àríwá Yúróòpù nígbà náà tó ti ibẹ̀ wá. Òkun tó tú aṣọ sílẹ̀ níhìn-ín, ẹlòmíràn ló ń ko ìrì dídì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, kí oníròyìn má torí ìyẹn di gbogbo òtútù Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ru yìnyín Arctic. Lórí bóyá yìnyín tó dín ń mú kí afẹ́fẹ́ òkè lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn gidi.

Èyí tó kan gbogbo ayé ni ti páànù. Ìṣirò àwọn onímọ̀ kan tó jáde ní 2014 fi hàn pé ooru tí Òkun Arctic mu kún tirẹ̀ láàárín 1979 sí 2011, nítorí funfun rẹ̀ tó ń lọ, tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí kábọ́ọ̀nù tó pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́ láàárín ìgbà kan náà ṣe. Ìlú Iñupiat kọ́ ló ń san ìyẹn nìkan.

Ohun tí àwa tí iṣẹ́ yìí kàn lè mú níbẹ̀

Mo máa ń ronú kan Ayétòrò nígbà tí mo bá ka ọ̀rọ̀ ìlú yìí, Ayétòrò ti ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀dó ní 1947, tí òkun sì ti gbé ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ lọ. Kò sí yìnyín lọ́dọ̀ wa. Òkun tó ń ga nítorí omi tó ń gbóná àti yìnyín orí ilẹ̀ tó ń yọ́ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí erékùṣù Alaska kọ́ mi láti kọ́kọ́ béèrè ni pé: kí ló dúró níwájú òkun tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún? Ẹrẹ̀ ni etí òkun yẹn, kì í ṣe iyanrìn. Igi inú irà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n la ipa omi láti wá epo, omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, igi kú. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó bá gbé òkúta dé láìkọ ìyẹn sílẹ̀ yóò mọ ògiri tó bá òkun ọdún mìíràn mu, bíi ti àwọn tó ń to àpò iyanrìn sójú Chukchi.

Nípa ìṣíkúrò, kí ẹnikẹ́ni má gbé "ṣé ẹ ó lọ tàbí ẹ ò ní lọ" síwájú ìlú kó tó ti yẹ ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń lọ wò, kó tó mọ ẹni tí yóò sanwó, kó tó ní i lákọsílẹ̀ pé omi, ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ ibi tí wọ́n wà kò ní dúró nítorí pé wọ́n fẹ́ lọ. Ìdìbò 2002 yẹn gba ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ wọn, kò sì fún wọn ní nǹkan kan. Bí mo bá wà nípò ẹni tó ń gba ìlú nímọ̀ràn, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n sọ "à ń lọ" jáde lẹ́nu fún àjọ kankan àyàfi tí àjọ náà bá kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé títí ọjọ́ tí ilé ìkẹyìn yóò fi kó, àwọn ò ní dáwọ́ àtúnṣe dúró.

Èyí tó kù kò ná owó. Kí kọ̀ǹpútà tó gbà pé oṣù Kẹwàá ti yí padà, àwọn ọlọ́dẹ ti mọ̀, torí pé ẹsẹ̀ wọn ló ń tẹ yìnyín náà. Ní àwọn ìlú kan ní Alaska, bíi Wales àti Utqiaġvik, wọ́n ti ń kọ ojú yìnyín sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ń fi àkọsílẹ̀ wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ ti sátẹ́láìtì. Apẹja Ìlàjẹ náà mọ oṣù tí òkun ń ru, ó mọ ibi tí omi dé lọ́dún tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀, ó mọ òpó tí bàbá rẹ̀ ń so ọkọ̀ mọ́, tó ti wà nínú òkun báyìí. Ìwé eléwé ọgọ́ta kan, bírò kan, ẹnìkan tó mọ̀wé kọ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, ibi tí omi dé, ohun tó gbé lọ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣáájú òkun tó máa ru lọ́dún yìí.